Orúkọ Tí Mo Fi Sínú Sinimá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí n kò fẹ́ pariwo. Bí ẹ bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kọjá ní Ṣakí níbí, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ń darí bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ óò rí ohun tí ojú èmi ń rí. Wọ́n á bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn bí ológbò tó fẹ́ jí ẹja, ọ̀kan nínú wọn á wá fi gbogbo ẹnu pè é: "Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́!" Àwọn yòókù á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó ti lọ!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sáré lọ. Kì í ṣe èmi ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, kí n má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí rárá. Inú sinimá ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n ń sọ ọ́ ní Èkó, àwọn awakọ̀ pàápàá ń kọ ọ́ sẹ́yìn lọ́rì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni orúkọ yẹn! Èmi ni mo sọ ọkọ mi bẹ́ẹ̀, nínú yàrá wa, níbi tí kò sí ẹnìkẹta àfi Ọlọ́run. Èmi náà ni mo sì gbé e fún àwọn tó sọ ọ́ di ẹ̀rín. Ta ni n ó wá fẹjọ́ sùn?

Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn á mọ̀ pé Gánà ni ilé wa kejì. Kò sí agbo-ilé ní Ṣakí tàbí ní Ìgbòho tí kò ní ọmọ tó lọ ṣòwò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ mi mú mi lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ìlú Kùmásì. Ó ń ta kẹ̀kẹ́ àti ohun èlò kẹ̀kẹ́, èmi ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin Ìlọrin kan. Ọkùnrin náà ga, ó sì síngbọnlẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń rìn, ẹ kò ní gbọ́ ọ. Bó bá ti mọ́ṣáláṣí dé ní àsùbáà, á rọra ṣí ilẹ̀kùn, á rọra máa tẹlẹ̀ títí á fi dé ẹ̀bá ẹní, kó má baà jí mi. Kò mọ̀ pé mo ti jí tipẹ́, pé ńṣe ni mo kàn dijú tí mo ń retí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan n kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́, mo lajú, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́." Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé obìnrin kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ nílẹ̀ wa. Abiyamọ á máa pe ọkọ rẹ̀ ní bàbá ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọlọ́run kò fún èmi ní ọmọ tí n bá fi pe tèmi, kò sì fún mi títí di òní. Nítorí náà orúkọ yẹn ni mo mú. Bí àlejò bá wà nílé, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é. Bó bá ku àwa méjì, Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́ ni.

Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò kó káńgárá wọn kúrò nílùú, a fi ọjà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, a gun lọ́rì, a dé Ṣakí pẹ̀lú maṣíìnì mi àti àpótí kan ṣoṣo. Ilé bàbá ọkọ mi la wọ̀. Bàbá ti kú, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù, obìnrin kékeré kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Àgbà la ń pè é. Ó gbà mí bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu ayé. Àwọn tí kò kúrò nídìí ìyá wọn rí wá ń fi ẹni tó lọ tó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo ṣẹ̀fẹ̀. Bí ọkọ mi bá ń kọjá lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta ayò, wọ́n á ní, "Ọlọ́jà Kùmásì, ẹ kú àbọ̀ o! Ẹrù ńkọ́?" Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Kò dá wọn lóhùn rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìyà mi ti rú: ọkọ mi lè fara da ebi, ó lè fara da oòrùn àti iṣẹ́ agbára, ṣùgbọ́n kò lè fara da kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Bó bá dé ilé, kì í jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti wa iṣu tuntun, ó ní òun ń lọ wo ọjà tí òun fi sílẹ̀, òun kò ní pẹ́. Mo ń kó oúnjẹ rẹ̀ dì lẹ́yìnkùlé. Ìgbà tí mo padà wọlé, ó ti jáde. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sáré dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti lọ, oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi.

Kò padà mọ́. Oníṣòwò kan á ní òun rí i ní Tàmálè, òmíràn á ní Lomé ni, òmíràn á ní ẹni tó jọ ọ́ ni. Ẹni tí ojú ń tì kì í kọ̀wé ránṣẹ́ sílé. Ó mọ̀ pé bí òun bá padà lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè kan náà ló ń dúró de òun lábẹ́ igi: ẹrù ńkọ́? Èmi ní tèmi, ní àràárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó tàn, mò ń pọn omi sínú búta, mò ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà bí mo ti ń ṣe nígbà tó wà nílé, kó lè fi ṣàlùwàlá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, màá da omi náà sídìí ata. Ata náà so púpọ̀, kí n má parọ́. Ìyá Àgbà ń rí mi. Lọ́jọ́ tí ibà dè mí mọ́lẹ̀, mo la ojú mo rí i tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé búta náà jáde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé, àwa obìnrin méjì, tí a jọ ń retí ẹnì kan ṣoṣo.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn eléré ìtàgé bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré wọn sínú sinimá. N kò ní dárúkọ Ọ̀gá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí mo bá ṣàpèjúwe imú rẹ̀ lásán, ẹ óò mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣòwò tó bá ti ọ̀nà ibodè dé á máa sọ ọ́ pé wọ́n gbé sinimá rẹ̀ dé Kútọnu, wọ́n gbé e dé Lomé, pé gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ tú jáde bí ọjọ́ Iléyá, pé ẹni tó ti pa ilé tì fún ogún ọdún wá ń sunkún nígbà tó gbọ́ èdè rẹ̀. Aṣọ ni mò ń rán lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn. Mo gbé ọwọ́ kúrò lára maṣíìnì. Mo ní, àbí ọ̀nà rèé? Ibi tí ìwé kò lè dé, ṣé sinimá kò lè dé ibẹ̀? Bí mo bá kọ eré kan, tí àwọn ìlúmọ̀ọ́ká wọ̀nyí bá ṣe é, ibi yòówù tí ọkọ mi lè wà, yóò wò ó. Yóò sì mọ̀ pé mi ò bínú, pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Mo ka ìwé mọ́dà, èyí tó tẹ̀lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí n tó lọ́kọ, ọwọ́ mi sì dára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí àkókò bá ṣí sílẹ̀ nínú iṣẹ́. Mo kọ gbogbo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sọ, mo kọ ibi tí yóò ti húkọ́, mo kọ ibi tí yóò ti mí kanlẹ̀. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀, tó ń gbé omi sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ náà fi dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo yí orúkọ ìlú padà, mo yí iṣẹ́ padà, kí ará ilé má baà mọ̀. Ohun kan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe rí. Obìnrin inú ìwé náà ń pe ọkọ rẹ̀ ní Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́. Mo fi í síbẹ̀ kí ọkọ mi má baà ṣiyèméjì. Ẹlòmíràn lè ní ìyàwó tó ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé. Bó bá gbọ́ ọ, orí rẹ̀ á wú, á mọ̀ pé òun ni mò ń pè.

Kíkọ kọ́ ni iṣẹ́, bí ó ṣe máa dé ọwọ́ wọn ni iṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú ní Ṣakí, mo gbé e fún ọkùnrin tó ń gba owó ẹnu ọ̀nà, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ra ẹ̀pà lẹ́bàá gbọ̀ngàn náà, mo wo ìwé tí wọ́n fi wé e, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Mo jẹ ẹ̀pà náà. Kí ni n bá ṣe? Mo padà sílé, mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí ilé Ọ̀gá gan-an. Àgbàlá rẹ̀ kún fún èrò: ẹni tó fẹ́ kó wá sọmọ lórúkọ, ẹni tó fẹ́ kó bá òun dá sí ìjà, ẹni tó kàn fẹ́ rí i. Mo jókòó láàárín wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Nígbà tó jáde, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀, mo na ìwé náà sí i. Ó wò ó bí ẹni wo ọmọ ológbò tó ṣìnà wọlé.

Ó ní, "Kín nìyí?"

"Eré ni, sà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ibi. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, a ò fi ìwé ṣeré níbí. Ẹnu la fi ń ṣe é. Mo ní òṣèré tó jẹ́ pé bí o bá kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, ó ó kí ògiri náà, ó ó sì kọjá lọ." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ìyá Àgbà ni ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Mo ti sọ ohun tí mò ń wá kiri fún un, ṣùgbọ́n n kò sọ ti orúkọ náà. Ó gba ẹrù lórí mi. Ó ní, "Wọ́n gbà á?"

Mo ní, "Wọn ò kàwé, Ìyá."

Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ó ní, "Ṣé o yadi ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá arúgbó sọ! Èmi tí mo lọ mọ́dà, n kò ronú kàn án. Bí wọn kò bá lè kà á, ṣé n kò lè sọ ọ́ ni? Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n dé Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n wọ̀ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ti gba ọlidé, Ìyá Àgbà ló ní kí n fi ìwé sílẹ̀ kí n gbé maṣíìnì alọ́wọ́ mi dání. Ó ní ẹni tó ń fò tó ń ṣubú lójoojúmọ́, aṣọ rẹ̀ á ya. Àbí ẹ ò rí ọgbọ́n! Mo dé ibẹ̀, n kò dárúkọ eré. Mo ní télọ̀ ni mí. Kí n tó sọ̀ maṣíìnì tán, wọ́n ti kó ṣòkòtò àti agbádá ọba àti ẹ̀wù ọlọ́pàá jọ síwájú mi.

Ìyàwó àgbà Ọ̀gá, òun náà ìlúmọ̀ọ́ká, òun ló ń ṣe olorì, òun ló ń ṣe ìyá nínú gbogbo eré wọn. Àwòrán ojú rẹ̀ wà lára ògiri kárí ìlú. Lọ́jọ́ yẹn ìró kan ló ró mọ́ àyà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ní kí n bá òun fún bùbá òfì kan tó fẹ̀ jù. Bí mo ti ń rán an la ń tàkúrọ̀sọ, ó bi mí pé bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, mo ní kò sí bàbá, kò sí ọmọ. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi. N kò mọ ìgbà tó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó nu ojú, ó ké sí ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé: "Ẹ wá gbọ́ ti télọ̀ yìí o!"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró níwájú gbogbo wọn nínú kíláàsì kan, lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ ìṣirò sí, àwọn òṣèré tí gbogbo ayé ń sanwó wò jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n mọ bí a ti ń gbọ́rọ̀, wọ́n ń dáhùn, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó wá ńkọ́?" Mo parí. Ọ̀gá kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó kàn dìde, ó ń nawọ́ sí wọn: ìwọ ni ìyá ọkọ, ìwọ ni ọ̀rẹ́, ìwọ ni olówó tí ọkọ jẹ ní gbèsè, èmi ni ọkọ. Kò sí gbèsè nínú ìtàn mi. Ó ní kò burú, á wà níbẹ̀. Wọ́n bọ́ sáàárín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lójú mi, láìwo ìwé kankan. Àṣà wọn nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyàwó àgbà jókòó bí mo ti máa ń jókòó, mo rí ara mi, omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá wá dúró, ó kọjú sí mi. Ó ní, "Kín ni obìnrin náà ń pe ọkọ rẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. N kò dárúkọ náà nínú ìtàn tí mo sọ, ojú tì mí. Èmi tí mo kọ ọ́ sínú ìwé láìbẹ̀rù, n kò mọ̀ pé ẹnu yóò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, kí ni mo wá ṣe? Mo ní, "Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó jáde lẹ́nu mi níwájú ẹlòmíràn.

Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́. Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́." Lójijì ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì sí abíyá, ó ká ọrùn kò, ó yọ ojú síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ́ kọjá lẹ́yìn olówó, ó ń wẹ̀yìn, ó ń gbọ̀n. Ẹnì kan pariwo, "Ó ti lọ!" Gbogbo wọn ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọkùnrin kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun ni mo wá jẹ́wọ́ fún yín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èèyàn ti yí mi ká tí inú wọn dùn sí ohun tí mo sọ? Ilé mi, Ìyá Àgbà nìkan ni, òun kì í sì í rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀, ẹnì kan ń gbá mi lẹ́yìn, ẹnì kan ń sọ pé, "Télọ̀, o pọ̀ o!" N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò ba ayọ̀ náà jẹ́. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ tán ni mo ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin náà kì í sá o. Ó kàn máa ń rìn jẹ́jẹ́ ni, kó má baà jí ìyàwó rẹ̀."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó wọlé, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó sunkún. Jẹ́ kí n pa wọ́n lẹ́rìn-ín ná. Ìyàwó mi á pa wọ́n lẹ́kún bó bá yá." Ó ní ọkọ náà kò gbọdọ̀ dé nínú eré, pé bó bá ti dé, èrò á gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Obìnrin náà á gbé omi sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó tì í, eré á parí síbẹ̀. Ìyàwó àgbà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín. Ẹ̀rín kan ò ní wọbẹ̀." Mo bi wọ́n bóyá yóò dé Lomé. Wọ́n ní yóò dé Lomé. Mo ní kò burú. Ẹni tí a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo wa ojú mi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí sinimá náà dé Ṣakí, mo rán ìró àti bùbá tuntun fún Ìyá Àgbà. Iwájú la jókòó sí. Mo fẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan fún àwa méjèèjì. Obìnrin inú sinimá pe orúkọ náà, Ọ̀gá yọjú pẹ̀lú bàtà lábíyá, gbọ̀ngàn náà sì wó fún ẹ̀rín. Gbogbo ìgbà tó bá ti yọjú ni wọ́n ń pariwo, "Ó ti lọ!" Mo wẹ̀yìn. Àwọn ará abẹ́ igi ayò wà níbẹ̀, àwọn ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀kan nínú wọn, tí orí rẹ̀ pé, kígbe pé, "Ẹ ẹ̀ rí i? Ọlọ́jà Kùmásì nìyí!" Gbogbo ohun tí mo yí padà, ìlú, iṣẹ́, kò ràn mí lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga tó síngbọnlẹ̀, tó lọ sí ìdálẹ̀ tí kò dé, mélòó ló wà ní Ṣakí? Ẹ̀rín tí ọkọ mi sá fún láti ìgbà yìí wá, èmi ni mo lọ gbé e sórí aṣọ funfun kí gbogbo ayé lè bá wọn rín in. Ìyá Àgbà fi ìborùn bo ojú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, àga rẹ̀ ti ṣófo.

Ó yẹ kí n tẹ̀lé e. N kò tẹ̀lé e, mo fẹ́ rí ìparí. Ìyàwó àgbà kò sì já mi kulẹ̀. Ó gbé búta náà jáde, ó fi etí ìró nu ẹnu rẹ̀, ó jókòó tì í, kò sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ń fa imú. Àwọn ará abẹ́ igi pàápàá dákẹ́.

Mo bá Ìyá Àgbà nílé, aṣọ tuntun náà wà lórí àga mi, ó ti ká a. Ó ní, "Ọmọ mi ni wọ́n ń rín yẹn." Mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní, "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀." Kò pariwo, kò bú mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìgbòho. Bí mo ṣe di èmi nìkan nìyẹn, èmi àti búta.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Alhájà kan wà ní àdúgbò wa tó ń ná ọjà Lomé. Kò mọ ọkọ mi, ẹ̀yìn tí ọkọ mi ti lọ ló kó dé àdúgbò. Ó wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi, ó ń fi ẹ̀rín sọ fún mi pé òun wo sinimá Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́ ní Lomé, pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó pa òun lẹ́rìn-ín ju eré náà lọ. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin inú sinimá pe orúkọ náà, kí Ọ̀gá tó yọjú rárá, ọkùnrin kan nínú ìlà tó ṣáájú tòun dáhùn pé, "Ò!" ó sì dìde dúró, bí ìgbà tí wọ́n pe èèyàn láti inú ilé. Ọkùnrin gíga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ó wá ńkọ́?"

Ó ní, "Ọ̀gá jáde, a bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìdúró. Ó wojú sinimá, ó wo àwa tí à ń rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ."

"Ṣé ó padà wọlé?"

"Kò padà."

Mo bi í bóyá ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti ń jáde. Ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ mà yà mí lẹ́nu o. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló gbà kọjá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó gbọ́! Ó gbọ́ mi, ó dá mi lóhùn! Láti ọjọ́ tí mo ti ń pè é, ó dáhùn, n kò sí níbẹ̀, ẹ̀rín ló sì pàdé rẹ̀. Kí ni yóò rò? Yóò rò pé ìyàwó òun ti bọ́ sí abẹ́ igi, pé èmi náà ti wà lára àwọn tó ń bi òun pé ẹrù ńkọ́.

Mo lọ sí Ìgbòho lọ́jọ́ kejì. Ìyá Àgbà fún mi lómi, ó bi mí léèrè aṣọ, ó bi mí léèrè òjò. Mo sọ fún un ohun tí Alhájà sọ. Ó tẹ́tí títí mo fi parí. Ó ní, "Ó rí ìparí rẹ̀?"

"Kò rí i."

"Èmi náà ò rí i. Kín ló wà níbẹ̀?"

Mo sọ fún un: obìnrin náà, búta, ẹnu ọ̀nà. Ó gba ife omi lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n fi ṣáájú." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí a jọ padà sí Ṣakí. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Èmi nìkan ni mo wọkọ̀ bọ̀.

Àwọn ará ilé mi ní kí n lọ́kọ mìíràn kí ojú mi má baà rọ sínú ìrètí. Àwọn mìíràn ní kí n gba Lomé lọ, kí n máa wá a láti ojúlé dé ojúlé. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìlú náà tóbi, nígbà tí mo sì dúró ní ẹnu ọjà tí mo pe orúkọ náà, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ bọ́ bàtà, wọ́n ń rìn yọ́ọ́yọ́ọ́, wọ́n dá mi lóhùn pé, "Ó ti lọ!" Kí ni ẹ rò pé kí n ṣe? Orúkọ wo ni n ó fi pè é báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun kan tó jẹ́ tẹ̀yin méjì nìkan, ẹ má gbé e síta, ì báà jẹ́ nítorí ìfẹ́. Ẹyin ni ohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kan wà nínú yín tí ẹ ń gba ọ̀nà ibodè, tí ẹ ń dé Kútọnu, tí ẹ ń dé Lomé, tí ẹ ń dé Tàmálè. Bí ẹ bá rí ọkùnrin gíga kan tí ẹ kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ náà, yóò sá. Ẹ kàn rọra sọ fún un pé ó yára dìde jù lọ́jọ́ yẹn, pé eré náà kò parí níbi tó dé. Ẹ sọ fún un pé obìnrin náà ń gbé omi jáde ní àràárọ̀, àti pé lónìí pàápàá, mo ti pọn ọ́n.